Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ẹ̀wà ló kọ́kọ́ kúrò nílé. Ó ń tò lọ sí ẹnu ọ̀nà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń gun ìloro, ó ń bọ́ sínú eruku ọyẹ́ níta, kò sì sí èyí tó ń sáré nínú wọn. Àwẹ̀ró dúró láàárín pálọ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tó ń dùn ún ni pé ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà náà ti ṣubú sílẹ̀. Atẹ dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti tutù.

Eyínmẹ́nugún ni ẹni tó ṣubú náà, àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọ agboolé ọkọ ní Ìkìrun, tó bá ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí i. Ìyàwó kì í kúkú pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ àná tí kò tíì lè dá jókòó. Ọkọ ni gbogbo wọn. Ìyàwó a wá orúkọ tirẹ̀ fún wọn: ẹni tó ga a di Agùntáṣọọ́lò, ẹni tó ń lọ sílé ìwé a di Akọ̀wé. Èyí tí eyín rẹ̀ tò lẹ́nu, Àwẹ̀ró wò ó títí, ó ní Eyínmẹ́nugún. Ọmọ náà jẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí wọ́n fi kó ọmọ jáde kò gba ẹnu Àwẹ̀ró kọjá rí.

Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí paramọ́lẹ̀ ká jọ sẹ́yìn ẹsẹ̀ ọmọ náà létí odò. Àwẹ̀ró rí i. Orúkọ gidi, tó kúrú ju èyí lọ, tí ì bá yá, dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì pe Eyínmẹ́nugún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ọmọ tó fò sẹ́yìn. Ejò náà dúró kó pè é tán. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú agboolé fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìyàwó yìí, bí ilé bá ń jó, yóò kọ́kọ́ ki iná ní oríkì.

Àwọn méjèèjì ti di àgbà báyìí. Ọkọ Àwẹ̀ró ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adédọ̀tun, ló kó òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ wá sí Makurdi, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dá gbé. Ìlú náà dára, iṣu rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n èdè Tiv ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àti Ìdómà, àti Haúsá, àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí Adédọ̀tun bá ti jáde láàárọ̀, Yorùbá tó kù ní gbogbo àdúgbò kò ju èyí tí àwọn ìyá àgbà méjèèjì ń sọ síra wọn. Bí wọ́n bá lọ ra nǹkan, wọn a nàka, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì padà sílé láti wá sọ̀rọ̀.

Adédọ̀tun ti kọ nọ́ńbà pàjáwìrì sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó ní, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò bá rí mi, ẹ pe ibí yìí, wọn a gbé áńbúláǹsì wá. Àwẹ̀ró wo ìwé náà. Àwọn nọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, wọ́n jókòó sórí fóònù fúnra wọn, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Obìnrin kan gbé e. Ó sọ nǹkan kan. Àwẹ̀ró kò mọ èdè wo ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé ohùn ọmọlúàbí ni, ó sì dá a lóhùn bí ọmọlúàbí. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ọyẹ́ yìí o. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé, "Ẹ gbà mí, ọkọ mi obìnrin ló ṣubú, wọn ò lè gbé ọwọ́." Ó yẹ kó mọ̀ pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ panápaná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn.

Obìnrin náà tún ohun tó sọ sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Àwẹ̀ró náà tún tirẹ̀ sọ, ó gbé ohùn sókè jù ú lọ. Báyìí ni wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn bí ẹni pé etí ló di, bẹ́ẹ̀ etí kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró rí i pé ilẹ̀kùn wà lára fóònù náà, èyí tí kò ṣàkíyèsí tẹ́lẹ̀. Ó tì í, ó sì wọlé. Ó mú agbọ́hùn-fóònù dání wọlé, wáyà rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó sì ń gbọ́ ìmí Eyínmẹ́nugún nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ pálọ̀. Ó ń mí. Ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó mí òmíràn.

Yàrá gígùn kan ni. Tábìlì tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí tí ojú kò fi tó òpin rẹ̀, ẹnì kan sì jókòó nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn létí. Èdè kan ló ni tábìlì kan. Eruku ń fẹ́ nídìí tábìlì Haúsá, oòrùn sì wà níbẹ̀. Níbi tábìlì Gẹ̀ẹ́sì, òtútù mú débi pé ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Obìnrin ìdí tábìlì Tiv ró aṣọ onílà dúdú àti funfun, òjò wẹ́liwẹ́li sì ń rọ̀ sórí òun nìkan. Òun ni ohùn tó gbé fóònù.

Àwẹ̀ró sọ fún un. Obìnrin náà nu omijé ojú Àwẹ̀ró pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ó fún un ní àga, ó bu omi fún un, ó sì ń sọ nǹkan tí Àwẹ̀ró kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó bú u níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Ìyẹn gan-an ló bà á nínú jẹ́ jù, nítorí pé bí wọ́n bá lé e, ì bá mọ ẹni tí yóò bá jà.

Ó wá rò ó pé ohun tí ẹnu kò lè sọ, ara lè sọ ọ́. Ó dìde, ó ṣe bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ó di orí mú, ó sì ju ara rẹ̀ sílẹ̀ gbì, ó wọ́ ẹnu sí apá kan. Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yé wọn! Wọ́n sáré wá, wọ́n gbé Àwẹ̀ró sórí àkéte onítáyà, wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n da aṣọ bò ó, wọ́n sì ń tì í lọ. Ó ń pariwo pé, "Èmi kọ́! Èmi kọ́ o!" Wọ́n ń fọwọ́ pa á níwájú orí, wọ́n ń fi èdè mọ́kànlá tù ú nínú.

Ìgbà tó já lulẹ̀ lórí àkéte náà ló bá ara rẹ̀ nídìí tábìlì tó gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni lórí àga ibẹ̀. Súwẹ́tà aláwọ̀ obì kan ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn àga náà.

Súwẹ́tà náà ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ó pẹ́ tí ó ti gbọ́ ẹ pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Ó ní, "Yorùbá ni yín?"

"Ẹni tó ni mí ni Yorùbá. Ó ti lọ jẹun."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà òjò," ni súwẹ́tà fèsì. "Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ náà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Àwẹ̀ró sọ gbogbo rẹ̀. Súwẹ́tà gbé apá rẹ̀ tí kò ní ọwọ́ nínú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ pé obìnrin ni, ó kọ pé ó ṣubú, ó kọ pé ilé aláwọ̀ iyùn ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà, níbi tí igi máńgòrò méjì ti kojú síra wọn. Ọkàn Àwẹ̀ró balẹ̀. Ó gbọ́ ìmí kan nínú agbọ́hùn-fóònù, ó tún gbọ́ òmíràn. Ó ń rò ó pé a ti yọ báyìí, ìṣòro èdè ti parí.

Súwẹ́tà bi í pé, "Kí lorúkọ wọn?"

"Eyínmẹ́nugún," ni Àwẹ̀ró wí.

Ó kọ ọ́. Ó ya ìwé náà, ìwé rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀, wọ́n sì gbọ́ tí áńbúláǹsì han jáde lọ. Àwẹ̀ró jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó ṣàdúrà, ó ṣe àmín fúnra rẹ̀.

Áńbúláǹsì padà dé pẹ̀lú ariwo kan náà. Àwọn ọkùnrin méjì aláṣọ funfun ti àkéte wọlé, wọ́n rọra ń ṣe é, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn yàgò lọ́nà. Aṣọ funfun ló bo ohun tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ife oníke aláwọ̀ ewé ni Àwẹ̀ró rí, èyí tí Eyínmẹ́nugún máa ń kó eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sí bí ó bá fẹ́ sinmi. Eyín náà wà nínú omi. Wọ́n ti fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àkéte kó má bàa ṣubú.

Súwẹ́tà túmọ̀ ohun tí àwọn ọkùnrin náà ń sọ. "Wọ́n ní àwọn dé ilé náà, àwọn sì bá obìnrin kan nílẹ̀. Wọ́n bi í bóyá òun ni Eyínmẹ́nugún, kò fèsì. Wọ́n la ẹnu rẹ̀ wò, kò sí eyín níbẹ̀. Orí tábìlì ni wọ́n ti rí eyín, ìyẹn ni wọ́n gbé. Ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n ṣe, mà."

"Wọ́n fi ènìyàn sílẹ̀?"

"Orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà nínú ìwé."

Eyín inú ife gbọn omi nù, ó sì fi ohùn Eyínmẹ́nugún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ yìí tutù o. Ṣé ẹ ò tíì parí ni?"

"Ó kù díẹ̀, ọkọ mi," ni Àwẹ̀ró dáhùn. Ojú tì í gan-an.

Súwẹ́tà fà mọ́ ọn létí. Ó ní, "Mà, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ ni wọ́n ń béèrè. Èyí tí ìjọba mọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí wọ́n padà lọ."

Àwẹ̀ró mọ orúkọ náà. Kí ló dé tí kò ní í mọ̀ ọ́n? Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbọ́ ọ, lẹ́nu ìyá ọkọ, lẹ́nu ọkọ, lẹ́nu àwọn tó ń bá Eyínmẹ́nugún ra aṣọ àdìrẹ ní Ìkìrun. Ó la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, bí ìyàwó ilé ṣe ń kọ ẹ̀yìn nígbà tí bàbá ọkọ bá ń wẹ̀. Ó tún un ṣe. Eyínmẹ́nugún náà ló tún jáde. Àwọn ènìyàn yòókù ń wò ó láti ìdí tábìlì wọn, àánú rẹ̀ sì hàn lójú gbogbo wọn.

Ọkùnrin kẹta sọ̀ kalẹ̀ láti inú áńbúláǹsì. Ó dé fìlà tí wọ́n fi sin ín, iyẹ̀pẹ̀ sì wà ní etí rẹ̀. Ọkọ Àwẹ̀ró ni. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá Dọ̀tun, ẹ kú àtìjọ́."

Ọkùnrin náà wò ó fínnífínní. Ó ní, "O ti rù."

"Ẹ jọ̀wọ́, àbúrò yín wà nílẹ̀, wọ́n ń béèrè orúkọ. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ bá mi pè é fún wọn."

"Bí èmi bá pè é, ọ̀dọ̀ mi ni yóò yà sí," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó jókòó sórí àga kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Àwẹ̀ró dúró dè é kó sọ òmíràn. Kò sọ ọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀ náà nìyẹn; ó lè sọ ọ̀rọ̀ kan láàárọ̀ kó fi jẹun alẹ́.

Omi dé ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Kò mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n ó mọ omi náà. Òun ni omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó tutù, tí wọ́n ti já ewé tútù sí. Ọwọ́ méjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nínú rẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ nìkan ni, kò sí ara lẹ́yìn wọn. Ó fi òrùka bàbà mọ̀ pé ọwọ́ ìyá ọkọ òun ni, ẹni tí wọ́n ti sin láti ìgbà tí Adédọ̀tun ń rákò. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, bí ìyá náà ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń sọ fún un pé, "Orúkọ àwọn tí o bá nínú ilé yìí, inú ẹnu rẹ ni kí o sin ín sí." Àwẹ̀ró ní òun gbọ́. Ó sì sin ín.

Ọwọ́ náà kò jẹ́ kó ṣí ẹsẹ̀. Nínú agbọ́hùn-fóònù, Eyínmẹ́nugún mí, ó dákẹ́, ó dákẹ́, ó sì tún mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwẹ̀ró mọ òwe yìí láti kékeré, kò rò ó rí pé tara ẹlòmíràn ni yóò bá dídákẹ́ òun dákẹ́. Inú bí i. Kò bínú sí ìyá ọkọ láyé rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìyá náà fún un ní ìdí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pariwo sínú omi.

"Ìyá, ọmọ yín ló ń kú lọ yìí! Èwo lẹ fẹ́, ọ̀wọ̀ àbí ọmọ?"

Ọwọ́ náà dúró. Ó rọra fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀tún kí ó tó di òsì. Omi gbẹ.

Àwẹ̀ró la ẹnu. Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Orúkọ àbúrò kan kì í ṣíwájú ti ẹ̀gbọ́n. Orúkọ bàbá ọkọ ló kọ́kọ́ jáde, ó gbọn ara rẹ̀, ó dúró láàárín yàrá títí Àwẹ̀ró fi kúnlẹ̀ kí i. Ti ìyá ọkọ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ti bàbá kékeré, ti àwọn ìyá ilé, ti àwọn ọmọ ilé láti orí àgbà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ìkúnlẹ̀ tirẹ̀ kó tó yà fún èyí tó kàn, orúnkún Àwẹ̀ró sì ń ké. Kò sí èyí tó ń kánjú nínú wọn. Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun ti tan mọ́tò sílẹ̀, wọ́n ń dúró.

Nígbà tó kan orúkọ ọkọ rẹ̀, tí òun náà kò pè rí, ọkọ náà dìde lórí àga, ó wọ bàtà rẹ̀. Kò dúró gba ìkúnlẹ̀. Ó bá ẹnu Àwẹ̀ró wọlé bí onílé ṣe ń wọ yàrá rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Àwẹ̀ró tọ́ iyẹ̀pẹ̀ wò lórí ahọ́n.

Orúkọ kan ló kù. Ó kéré, ó sá sí abẹ́ ahọ́n, ìtìjú ń ṣe é nítorí pé ó pẹ́ tó ti wà nínú òkùnkùn. Nínú agbọ́hùn-fóònù, kò sí ìmí. Àwẹ̀ró pè é.

"Ìbídùnní!"

Ẹnu rẹ̀ ló la, ọ̀fun rẹ̀ ló dùn ún, ṣùgbọ́n ohùn ọkọ rẹ̀ ló jáde. Súwẹ́tà kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin inú òjò pè é tẹ̀ lé e, onítábìlì Haúsá pè é, ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ pè é, gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ yàrá dé ibi tí ojú kò tó, wọ́n sì pè é re, kò sẹ́ni tó ṣì í pè. Áńbúláǹsì han. Eyín inú ife rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró jí.

Orí àga pálọ̀ ló ti sùn. Ọ̀sán ṣì ni, oòrùn dé ẹsẹ̀ rẹ̀, eruku ọyẹ́ sì wà lára gíláàsì fèrèsé. Kò sẹ́ni tó wà nílẹ̀. Ó rántí pé Eyínmẹ́nugún ti gbé atẹ sílẹ̀, ó ní kí òun lọ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú yàrá, Adédọ̀tun wà níbi iṣẹ́, ìwé nọ́ńbà sì wà lára ògiri. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run, o ṣé o." Atẹ wà lórí tábìlì. Kò sí ẹ̀wà nínú rẹ̀.

"Ìyàwó!" Eyínmẹ́nugún ló ń pè láti inú yàrá.

"Ọkọ mi."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni kankan. Èmi nìkan ni."

Eyínmẹ́nugún ní, "Ẹnì kan pè mí lórúkọ. Ó jọ ohùn ẹ̀gbọ́n mi."

Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Àwẹ̀ró di apá àga mú. Ó ní, "Ẹ ò dá a lóhùn, àbí?"

"Mo ti jẹ́ ẹ kí n tó rántí." Eyínmẹ́nugún rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò fi eyín sí ẹnu. "Ẹ má wulẹ̀ dààmú, ìyàwó. Oorun ló ṣì wà lójú mi. Ọwọ́ mi yìí ló kàn tutù."

"Ọwọ́ wo?"

Àwẹ̀ró dìde. Ó wo ìwé ara ògiri, ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rìn lọ sí ẹnu yàrá bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan gbé e. Ohùn ọmọlúàbí ni. Àwẹ̀ró kò kí i.

Obìnrin náà béèrè nǹkan kan ní èdè tí Àwẹ̀ró kò gbọ́, ó sì tún un béèrè. Àwẹ̀ró kò mọ ohun tó ń béèrè. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ó la ẹnu, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ pe orúkọ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìléláàádọ́ta.

"Ìbídùnní."

Ó tún un pè, ó pariwo rẹ̀. Obìnrin inú fóònù pè é tẹ̀ lé e, ó sì pè é re. Nínú yàrá, kò sẹ́ni tó dáhùn.